Aago Tó Ka Iyán Mọ́ Ìrìn

Ìkòrò-Èkìtì,
Ọjọ́rú.

Adébùsọ́lá ọmọ mi,

Àná tí mo kó uṣu sódó ni ọ̀rọ̀ aago yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi, inú sì bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé láti kí ọ. Ṣùgbọ́n a kì í torí ìbínú fi ìkíni sílẹ̀. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ibi mọ ojúlé yín. Gbogbo wa wà láàyè ní ulé. Èmi nìkan ni inú ń bí, lẹ́tà ni mo sì fẹ́ fi bá ọ jà, torí tí n bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá kàn máa ní kí n fara balẹ̀ ni, owó fóònù á sì tán sórí ìfarabalẹ̀.

Ohun tó yé mi nìyí. Kí n tó gbé ọmọ odó, mo wo ojú aago tí o so mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà Àjíǹde, irínwó ìṣísẹ̀ ló kọ. Mo gún odó kan, iyán kúnná, mo tún wò ó, ó ti di ẹgbẹ̀rin! Bùsọ́lá, ẹsẹ̀ mi ò kúrò lójú kan. Ilé ìdáná ni mo wà, adìẹ tó dúró tì mí lè jẹ́rìí. Mo wá dán an wò bí àwọn onísáyẹ́ǹsì ṣe máa ń ṣe, mo dúró, mo pàtẹ́wọ́ lásán, ó tún lé sí i. Ọwọ́ mi ló ń kà tó ń pè é ní ẹsẹ̀! Ohun tí kò mọ ọwọ́ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ lo wá gbà gbọ́ ju ìyá tó bí ọ lọ.

Torí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú, o ní mo ń purọ́. O ní mo ṣèlérí lójú dókítà pé mi ò ní lọ oko mọ́ nítorí orúnkún mi, pé aago sọ fún ọ lórí fóònù rẹ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ìṣísẹ̀ ni mò ń rìn lọ́jọ́ míì, àti pé ní Sátidé o ń bọ̀ wá kó mi lọ sí Èkó. Kí n fi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, èmi tí mo máa dá orin? Irọ́! Bàbá rẹ tó wà lọ́run kò fi ẹnu ẹ̀ pè mí ní onírọ́ rí. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ẹsẹ̀ àgbàlagbà lẹ wá ń kà láti Èkó.

Ẹgbẹ́ akọrin Ayétòrò ló ń wá bá wa dánra wò ní ìrọ̀lẹ́, a fẹ́ jọ kọrin pọ̀ lọ́jọ́ ìkórè. Ṣé gaàrí ni kí n fún wọn? Ní Èkìtì? Odó mẹ́fà ni mò ń gún, lẹ́yìn ìyẹn a ó wá pàtẹ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Orin náà ńkọ́? Aago yìí ò jẹ́ a rímú mí. Bí àwa áltò ṣe gbé ohùn sókè báyìí, ó gbọ̀n mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní kí Moses tó ń darí wa bá mi kà á. Ó yọ gíláàsì, ó tún un wọ̀, ó ní aago sọ pé ariwo ibí yìí ti pọ̀ jù, ó lè ba etí jẹ́. Ariwo! Orin Olúwa! Moses ká ìwé orin rẹ̀, ó ní kí n bá òun bi ọ́ bóyá bó o ṣe ń gbọ́ wa l'Ékòó nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, tẹ́nọ̀ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin náà lẹ kọ orúkọ mi sínú ìdíje ìrìn tí ẹ̀ ń bára yín ṣe ní ọ́fíìsì. Mi ò bẹ̀ yín. Mo ṣe ipò kìíní, iná ń tàn yòò lójú aago bíi Kérésì, o ní mo gba ife. Ife dà? Akeem awakọ̀ ti tÈkó dé lẹ́ẹ̀mejì, kò mú nǹkan kan bọ̀. Lukman tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ sì ní ó jọ pé ọrùn ewúrẹ́ ni mo so aago mọ́. Bá mi sọ fún un pé kó wá gún odó kan péré, ká wo ẹni tí yóò ké bí ewúrẹ́.

Ẹ̀rí tó jù wà nílẹ̀ pé aago yìí ni onírọ́. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ tí mo máa ń lọ ro ẹ̀gẹ́ mi lọ́nà Ayétòrò, orí ìṣó ni mo máa ń fi í kọ́ sí kí iyẹ̀pẹ̀ má bà á jẹ́. Ọjọ́ méjèèjì yìí gan-an ni ìwọ fúnra rẹ máa ń fi ohùn ránṣẹ́, tí o máa ń yìn mí pé mo sinmi, pé mo gbọ́ràn. Ṣé ìwọ náà ti rí i pé kò mọ nǹkan kan?

Mi ò tọrọ owó lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n tówó bá tẹ̀lé Akeem bọ̀, mi ò ní lé e padà. Kó mú róòbù orúnkún wá, àti ife mi. Uṣu mẹ́wàá ló wà nínú àpò tó mú bọ̀ yìí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já sófo, ọmọ rẹ kò ní pè ọ́ ní onírọ́ láéláé.

Gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó dé. Tí n bá ń gún iyán, ọwọ́ wo ni kí n so aago yìí mọ́ tí o fi máa gbà mí gbọ́? Àbí kí n kúkú máa kọ́ ọ sórí ìṣó lójoojúmọ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé orí ìṣó nìkan ni mo ti ń ṣe ọmọlúàbí lójú rẹ?

Èmi ni,
Ìyá rẹ.