Oògùn Ìfun Tí Mo Fi Pamọ́ fún Dókítà Ọkàn

Olóòtú ètò rédíò wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti Zomba. Ẹ dákun, ẹ fi orúkọ mi pamọ́ nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Àyà ń dùn mí, Dókítà Msukwa sì béèrè gbogbo oògùn tí mò ń lò. Ojú ti èmi olùkọ́ àgbà láti dárúkọ ìgbẹ́ níwájú rẹ̀, ọmọbìnrin tí mo kọ́ níléèwé. Mo fi oògùn egbò ìfun tí mò ń lò pamọ́ fún un. Oògùn náà gan-an ló mú kí iṣan ọkàn mi wú. Nígbà tí mo jẹ́wọ́, ó ní, "Tíṣà, ìtìjú ì bá pa yín!" Ó sì dá oògùn náà dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fárígá nígbà tó gbọ́ pé mò ń kọ lẹ́tà yìí: "Ìwọ alárinà ìgbéyàwó ìdílé wa! Bí àwọn àna bá gbọ́ lórí rédíò pé ò ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

Kí wọ́n gbọ́! N kò ní fi ikú ra ọ̀wọ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé ẹ ó rán irú mi lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ yín?