Omi Orúnkún Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé ikọ́ ọkọ rẹ ti lọ? Olúwa yóò máa ṣọ́ yín ní àlọ àti ní àbọ̀, ẹ kò ní fẹsẹ̀ kọ. Ara tèmi le, àfi ẹ̀yìn tó ń ro mí díẹ̀díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà ẹ̀yìn kọ́ ni mo ń kọ, lẹ́tà orúnkún ni.

O ní bí orúnkún bàbá rẹ kò bá san kí òjò tó dá, o ó wá gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹ kí ó lè wà nítòsí dókítà, kí èmi máa ṣọ́ ilé. Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Tí o bá gbé e lọ, ta ni kí n máa bá jà láàárọ̀?

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí o sanwó fún wa nílé ìwẹ̀ olómi gbígbóná yẹn. Mo di ọṣẹ àti kànìnkànìn tuntun sínú àpò, torí èèyàn kì í lọ wẹ̀ nílé onílé lọ́wọ́ òfìfo. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà ní kí a pa fóònù. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ nínú fóònù náà kí n tó pa á, torí a kì í ṣàdédé tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹni. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, n kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Omi náà ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn èèyàn níbẹ̀ ní imí ọjọ́ àti iyọ̀ inú ilẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, pé ó dára fún oríkèé ara. Mo ní kò burú, ohun tó ń rùn tó báyìí gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tí bàbá rẹ jáde nínú omi, wọ́n wọ aṣọ funfun fún un, wọ́n fi ẹrẹ̀ dúdú kun orúnkún rẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ẹrẹ̀, ọmọ mi, lára ọkọ mi, níṣojú gbogbo ayé. Mo bu omi, mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ọkùnrin náà dé, ó wò ó, ó tún un kùn. Mo tún fọ̀ ọ́. Ló bá jókòó tì wá, ó ní Màmá, ẹrẹ̀ yẹn gan-an ni oògùn. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín débi pé ó gbàgbé ọ̀pá rẹ̀ síbẹ̀, a tún padà lọ mú un.

Wọ́n bu omi náà fún wa sínú kẹ́ẹ̀gì, kí n máa gbé e kaná fún un nírọ̀lẹ́. Ìyàwó aránṣọ, aládùúgbò wa, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti yan ara wọn lódì látọjọ́ tí ọkọ ti rán aṣọ tó fún mọ́ ọn, wá tọrọ díẹ̀ fún ẹsẹ̀ wíwú. Mo ní a kì í fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣòfò, kí àwọn méjèèjì jọ ki ẹsẹ̀ bọ inú báàfù kan. Òórùn ló là wọ́n lẹ́nu. Ọkọ ní ìwọ lò ń rùn, ìyàwó ní ìwọ ni, wọn ò sì tíì dákẹ́ títí di òní. Sọ fún àwọn dókítà ìlú yín pé omi náà ń wo odì yíyàn sàn.

Èyí tó kù yìí, má jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́. Omi náà ti tán tipẹ́. Omi kànga wa ni mo ń gbé kaná, mo ń bu iyọ̀ sí i, mo sì fi ẹyin tí adìyẹ sàba lé tí kò pa sábẹ́ àga bàbá rẹ kí òórùn má bàa yí padà. Mo ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀, òun náà ń sọ̀rọ̀ ìgbà èwe wa fún mi. Lánàá ó rìn láìmú ọ̀pá, ó dúró lẹ́bàá kànga, ó ní omi tí ọmọ òun rà mà lágbára o, pé omi ilé yìí kò lè ṣe irú rẹ̀ láé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Torí náà, má wá gbé e. Fowó ránṣẹ́, kí o sọ fún un pé owó omi ni. Báàfù ńlá ni mo fẹ́ fi rà, èyí tó gba ẹsẹ̀ mẹ́rin.

Ilẹ̀ tútù ni wàá máa tẹ̀. Bí o bá dàgbà, tí orúnkún bá ń dùn ọ́, Olúwa yóò fún ọ lẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ débi tí yóò fi máa purọ́ omi fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ẹ̀yìn ṣì ń ro.