Lọ́yà Tí Kì í Lọ Kóòtù

Ẹ kú ilé o, Yèyé mi. Èmi àkọ́bí yín dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti òkè òkun. Mo kí Àyọ̀délé àbúrò mi, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí gbogbo Odò-Orò tó ń yà wò yín.

Ara mi le. Erékùṣù tí Fọláṣadé ọmọ mi gbé mi wá yìí kò tóbi: ẹni tó bá fi ọ̀kadà yí i po á padà kí iṣu tó jinná. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ bí ẹni ń bínú. Àárò ń sọ mí nítorí wọn kì í kí ènìyàn. Mo kí ọkùnrin kan láàárọ̀, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí.

Owó ò wọ́n wa. Èmi tí mo fi iṣu rírù bẹ̀rẹ̀ kí n tó ra lọ́rì, tí n kò pẹ́ níléèwé, èmi náà ni mo tọ́ lọ́yà. Ẹ jẹ́ n fọ́nnu, ó tọ́ sí mi.

Ẹ ránṣẹ́ bi mí pé irú lọ́yà wo ni kì í lọ kóòtù. Ẹ ò jẹ̀bi. Nígbà tí ìjà ààlà oko kòkó wa pẹ̀lú Bàbá Rójú bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo fi Fọláṣadé halẹ̀ lórí fóònù, pé ẹ jẹ́ kí ọmọ mi dé. Àyọ̀délé sì ń kígbe pé bí kóòtù bá ti oko pa, kòkó tó ti pọ́n á jẹrà sórí igi. Fọláṣadé rẹ́rìn-ín títí. Ó ní Bàbá, òun ò dúró níwájú adájọ́ rí.

Uṣẹ́ rẹ̀ rèé bó ṣe yé mi. Bí àwọn olówó láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá fẹ́ dáwó ra ọkọ̀ òfuurufú, òun ló ń kọ ìwé tó yọ ọkọ̀ náà sọ́tọ̀, kí gbèsè ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà kàn án, bí oko tí a yọ kúrò nínú ogún. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, á bi wọ́n: bí èyí bá kú ńkọ́? Bí tọ̀hún bá sá ńkọ́? Ibi tí ìjà máa gbà wọlé ló ń wá. Wọ́n ti wá fi í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọ tèmi!

Lórí ìjà oko wa, ó bi mí pé ta ló gbin pèrègún ààlà. Mo ní bàbá mi àti bàbá Bàbá Rójú ni; àwọn méjèèjì jọ di igi kan mú kí wọ́n tó rì í mọ́lẹ̀. Ó ní àwọn pèrègún etí odò ńkọ́? Mo ní àwọn yẹn ti kú. Ó ní ibẹ̀ ni ìjà ti wọlé. Ó ní kí ẹ ta okùn láti èyí tó yè dé èyí tó yè, kí ilé méjèèjì jọ gbin òmíràn, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ó ṣe sílẹ̀ bí òmíràn bá tún kú. Kò kọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ kó jà ni.

Lánàá ni mo rí fídíò: ẹ̀yin àti Bàbá Rójú jọ di pèrègún mú, ẹ̀ ń bú ara yín, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kòkó sì ti ń wọlé. Omi bọ́ lójú mi. Mo gbé e fún Fọláṣadé, ó wò ó tán, ó ní ṣé ẹ ti fọwọ́ sí ìwé náà?

Yèyé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ka sí i, kí n lè sinmi.

Pèrègún tuntun náà á yè, ẹ̀yin náà á gbó bí i tàtijọ́. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí Bàbá Rójú pẹ̀lú.

Èmi ni ọmọ yín,
Bàbá Lọ́yà.