Ẹní Abẹ́ Fóòmù: Ìgbésí Ayé Olóògbé Losaline Havili (1952–2023)

Ní abúlé Fangatoa, létí òkun Tonga, ni a bí Losaline ní oṣù kẹrin ọdún 1952. Kitione Moala, apẹja àti olórí akọrin ìjọ Wẹ́sílì, ni bàbá rẹ̀. Meleane ni ìyá rẹ̀, ahunnẹ́ní tí àwọn ènìyàn máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá láti erékùṣù mìíràn. Losaline ni ọmọ kẹta nínú ọmọ mẹ́fà, òun náà ni ikú sì mú kẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ró ẹní ọ̀fọ̀ mọ́ ìdí gẹ́gẹ́ bí àṣà wa wá bá wa kẹ́dùn lónìí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ní Fangatoa, ó sì parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Nukualofa. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó di tíṣà. Losaline ní tíṣà a máa bèèrè ohun tí ó ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì rí ohun tí ó dùn níbẹ̀. Ní ọdún 1971 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì jáde ní 1974.

Ní ọdún 1977 ó di aya Isileli Havili, kápẹ́ńtà tí ń kan ọkọ̀ ojú omi. Vaimoana, ìyá ọkọ rẹ̀, hun ẹní kan fún ìgbéyàwó náà. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé ẹní yìí yóò bá a dé ẹnu iṣẹ́.

Ọdún méjìdínlógójì ni ó fi ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó bá bá a ṣiṣẹ́ mọ ìbéèrè ẹnu rẹ̀: “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?” Bí wọ́n bá dáhùn pé bí a ti ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn, yóò ní òun kò bèèrè ọjọ́ orí àṣà náà. Ní ọdún 1998 wọ́n rán an lọ sí Auckland. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń la ìbéèrè sílẹ̀ nípa ìtọ́jú aláìsàn, àti bí ó ṣe lè wá ohun tí àwọn olùwádìí ti rí káàkiri ayé. Nígbà tí ó dé, ó fi ẹní kọ́ àwọn yòókù. Ó ní ìbéèrè rere ní igun mẹ́rin: ta ni aláìsàn náà, kí ni a fẹ́ ṣe fún un, kí ni à ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí a ó fi wé e, kí sì ni a fẹ́ rí lára rẹ̀ kí a tó lè sọ pé ó sàn. Ẹní tí igun rẹ̀ bá ká, ó ní, àlejò kò lè jókòó lé e.

Ìwọ́ ọmọ tuntun ni ó kọ́kọ́ bèèrè nípa rẹ̀. Sípírítì ni a fi ń nu ún nígbà náà. Ìwádìí tí ó rí fi hàn pé ìwọ́ tí a fi sílẹ̀ ní mímọ́ àti gbígbẹ a máa tètè já ju èyí tí a fi sípírítì nù lọ. Wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì ti mu sípírítì náà tán ni. Ṣùgbọ́n ìwọ́ ń já lásìkò, yẹ̀yẹ́ náà sì tán.

Ohun tí ó tẹ̀lé e yìí, òun fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ pé kí a kọ ọ́ síbí. Ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé a kì í kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú. Ó ní bí a bá kọ ti ìwọ́ tí a fi èyí sílẹ̀, irọ́ ni a kọ.

Ní ọdún 2007 nọ́ọ̀sì kò tó ní wọ́ọ̀dù. Wákàtí méjì méjì ni wọ́n ń yí ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, kí egbò má bàa yọ sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn aláìsàn kò sì rí oorun sùn. Ìjọ kan ní Niu Sílándì wá fi fóòmù tuntun tí ó nípọn ta ilé ìwòsàn náà lọ́rẹ. Losaline la ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, ó wá a lórí kọ̀ǹpútà, ó sì rí ìwádìí tí ó ní lórí irú fóòmù bẹ́ẹ̀, yíyí ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin tó. Mẹ́tírọ́nù Ilaisaane kò fẹ́. Nígbà tí ó gbà níkẹyìn, ó ní, “Bí egbò kan péré bá yọ, ìwọ àti kọ̀ǹpútà rẹ, mi ò fẹ́ rí ẹ̀yin méjèèjì ní wọ́ọ̀dù mi mọ́.”

Láàárín oṣù díẹ̀, Isileli já bọ́ láti orí òrùlé, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán, wọ́n sì gbé e wá sí wọ́ọ̀dù náà. Òun ni egbò náà yọ sí lára. Mẹ́tírọ́nù ní Ọlọ́run ti fi ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn.

Losaline padà ka ìwádìí náà, kò rí àṣìṣe níbẹ̀. Ó wá jókòó ti ọkọ rẹ̀ ní àkókò àbẹ̀wò, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe fóòmù ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Ẹní ni. Ẹní Vaimoana ni wọ́n tẹ́ sórí fóòmù, ó sì le bí pákó. Ó wo ibùsùn kejì, ó wo ẹ̀kẹta: gbogbo ìdílé ni ó ti tẹ́ ẹní tiwọn, nítorí a kì í jẹ́ kí ẹni tiwa ṣàìsàn lórí ibùsùn lásán bí ẹni tí kò ní ẹbí. Orí ẹní ni a bí gbogbo nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà sí, ojú wọn kò sì rí i mọ́. Ojú ọmọ ahunnẹ́ní pàápàá kò rí i.

Ó lọ bá Mẹ́tírọ́nù fúnra rẹ̀, ó ní igun àkọ́kọ́ ni òun kò tẹ́ dáadáa: òun kò bèèrè ohun tí àwọn aláìsàn tiwa ń sùn lé. Ó ní kí wọ́n padà sí wákàtí méjì títí egbò náà yóò fi jiná, kí wọ́n sì fún òun ní àyè lẹ́ẹ̀kan sí i. Mẹ́tírọ́nù ní kí ó kọ́kọ́ ká ẹní ìdílé ọkọ rẹ̀ ná, bí ó bá láyà.

Gbogbo yín mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Seini, ẹ̀gbọ́n Isileli obìnrin, ni abẹ gé nínú ilé wa. Losaline bá a lẹ́bàá ibùsùn náà.

“Ìyàwó,” ni Seini wí, “ṣé o fẹ́ kí àbúrò mi sùn lórí fóòmù lásán bí ẹni tí òkun gbé jù sí èbúté?”

“Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo ní kí wọ́n má yí i lemọ́lemọ́, n kò sì wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo fa egbò yìí.”

Seini bèèrè ohun tí ìwé àwọn òyìnbó sọ nípa ẹní.

“Wọn ò sọ nǹkan kan. Mo wá a títí. Kò sẹ́ni tó bèèrè rí.”

“Gbogbo wọn yẹn, kò sí ẹyọ kan tí ìyá ẹ̀ hun ẹní fún?”

Losaline kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ kí ẹní yìí ṣe fún un?”

“Kó wà lábẹ́ ẹ̀. Kó mọ̀ pé òun ní ìyá.”

“Bó bá wà lábẹ́ fóòmù, ṣé kò sí lábẹ́ ẹ̀ ni?”

Seini ní kí àwọn nọ́ọ̀sì gbé àbúrò òun sókè, pé òun fúnra òun ni yóò tẹ́ ẹ, nítorí nọ́ọ̀sì kò mọ ẹní í tẹ́. Nígbà tí àwọn ìdílé yòókù rí i pé Seini ṣe é, wọ́n ṣe tiwọn.

Egbò náà jiná. Mẹ́tírọ́nù fún un ní àyè kejì, wọ́n ń yí àwọn aláìsàn ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, fóòmù lókè, ẹní nísàlẹ̀, ara wọn sì dá ṣáṣá. Mẹ́tírọ́nù kò sọ pé òun gbà. Ó kàn ní kí wọ́n bá wọ́ọ̀dù náà wá kọ̀ǹpútà kejì. Títí di òní, kí fóòmù tó dórí ibùsùn níbẹ̀, ẹní ni wọ́n ń kọ́kọ́ tẹ́.

Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2012. Ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin títí ohùn rẹ̀ fi lọ, ó sì ń bá àwọn obìnrin hun ẹní ní gbọ̀ngàn ìjọ. Ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ní ìbéèrè onígun mẹ́rin, débi pé alùfáà fi ẹ̀rín bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun parí ìwàásù ná.

Kíndìnrín ni ó dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún yìí. Meleane, ọmọ rẹ̀ tí ó di nọ́ọ̀sì, ni ó ń yí i padà nílé. Losaline ń bi í léèrè ìdí ohun gbogbo, títí di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ tí ó sùn nínú Olúwa. Kò sí egbò kan lára rẹ̀.

Ó fi ọkọ rẹ̀ Isileli sáyé lọ, àti àwọn ọmọ rẹ̀ Meleane, Sosefo àti Pelenaise, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àti Seini, ẹni tí ń darí ètò òní.

Seini ti pàṣẹ pé nínú gbogbo ẹní tí a ó tẹ́ sábẹ́ Losaline nínú ibojì, ti Vaimoana ni kí ó wà lókè pátápátá, kí ó kan ara rẹ̀. A bi í pé kí ló dé. Ó ní egbò kò lè yọ mọ́.

Kí Ọlọ́run tí kì í sùn máa ṣọ́ ọ. Sùn re o, Losaline. Kò sí ẹni tí yóò jí ọ mọ́ láti yí ọ padà.

Isileli Havili, fún gbogbo ẹbí