Ojú Kan Nínú Férémù Dúdú

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn: Eyín òkè tó ń mì. Gáàsì ilé ìdáná — mo pa á, àbí mi ò pa á? Ìjì tí wọ́n ní ó ń bọ̀ láti gúúsù. Orúnkún Sumie ìyàwó mi. Ológbò ọ̀rẹ́ mi — dókítà ti sọ fún àbúrò rẹ̀ pé bóyá ni yóò fojú rí yìnyín ọdún yìí. Àti àwòrán kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Ayẹyẹ ọjọ́ àwọn àgbà lónìí. Àwọn ará àdúgbò fi àkàrà dídùn ránṣẹ́ sí mi. Mo jẹ ọ̀kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ ṣúgà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá orí mi á fúyẹ́. Ilé iṣẹ́ kan ní Osaka ti ṣa gbogbo géèmù àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ wa ṣe kí ó tó kógbá wọlé jọ. Wọ́n fẹ́ tà wọ́n pa pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi tí mo ya àwòrán ara páálí wọn nígbà náà ni wọ́n wá kàn, pé kí n ya èyí tí èèyàn á kọ́kọ́ rí nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún. Kékeré báyìí.

Ológbò ló ṣe èyí tó dára jù nínú wọn, *Olùṣọ́ Odi*. Niwase ni orúkọ Ológbò gan-an. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ológbò, nítorí abẹ́ tábìlì ló máa ń sùn sí lọ́sàn-án, ìgbà tí a bá ti relé ni yóò jí ṣiṣẹ́. Òun náà sọ mí ní Ó-lè-bàjẹ́. Kò parọ́ mọ́ mi.

Oṣù Kejìlá ni àkójọ géèmù náà yóò jáde. Ológbò kò ní dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àwòrán bá ti ṣe tán, wọn á gbé e síta kí àwọn èèyàn máa retí. Nítorí náà, àwòrán kékeré yìí nìkan ni ojú rẹ̀ yóò rí. Tazuko àbúrò rẹ̀ ní àràárọ̀ ló ń bèèrè lórí ibùsùn: "Ṣé wọ́n ti gbé e síta?"

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Abẹ́rẹ́ wá. Minegishi ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọbìnrin tí ilé iṣẹ́ náà ń rán sí mi. Ó tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń gún èèyàn. Mo gbé iṣẹ́ mi jáde — gbogbo akọni inú géèmù wọ̀nyẹn pátá, odi, dírágónì, òṣùpá lẹ́yìn wọn. Inú mi ń dùn. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sọ ọ́ di kékeré lórí fóònù.

"Ọ̀gá Orito, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí?"

Mo fi dígí ojú mi wò ó. Mo ní ìrẹsì tó dà sílẹ̀ ni.

"Ẹ tiẹ̀ ṣojúure. Èmi rí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ àpò."

Òótọ́ ni. Páálí, ọwọ́ lèèyàn fi ń gbé e. Ọmọdé á máa wò ó nínú ọkọ̀ ojú irin títí dé ilé, á máa ka ìpẹ́ ara dírágónì. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ìka ló ń rọ́ àwòrán kọjá. Ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú ni gbogbo ayé rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Ìjì yẹn yà gba ojú òkun lọ. Àníyàn mi ṣòfò.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Mo rí ọgbọ́n kan dá. Mo tẹ àwòrán jáde ní kékeré, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ohun tí mi ò bá rí láti ibẹ̀, mo pa á rẹ́. Òṣùpá lọ. Dírágónì lọ. Gbogbo akọni lọ, ó ku ọ̀kan — Olùṣọ́ Odi.

Ojú Ológbò ni. Nígbà tí mò ń ya páálí yẹn, n kò ní ẹni tí mo lè wò yà. Mo bá mú un dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, agboòrùn lọ́wọ́ bí idà, ìkòkò lórí bí akoto. "Ó-lè-bàjẹ́, ṣe kíá. Ìkòkò tí mo fẹ́ fi se oúnjẹ lo dé mi lórí."

Mo gbé idà kúrò. Mo gbé akoto kúrò. Ojú nìkan, ó kọjú sí èèyàn gbọnrangandan. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, pupa àti òféèfèé ni wọ́n fi ń pariwo. Mo bá fọ àwọ̀ kúrò lára tiwa, ó ku àwọ̀ eérú. Nínú ariwo, ẹni tó dákẹ́ là ń wò. Ojú ìwé ṣọ́ọ̀bù funfun, eérú fẹ́ yọ́ mọ́ ọn — mo fa ààlà dúdú tó nípọn yí i ká. Kò sí lẹ́tà kankan, ṣọ́ọ̀bù ń kọ orúkọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbá mi láyà. Mo fi ránṣẹ́.

Abẹ́rẹ́ fèsì: "Ọ̀gá, ẹ pa wá! Òun gan-an rèé. Mò ń fi í ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù fún àyẹ̀wò lónìí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Èmi àti Sumie lọ fọ ibojì àwọn òbí wa. Nígbà tí a padà délé, ó fẹ́ kó ìrẹsì dídùn tó ṣẹ́kù sínú fíríìjì. Ó dúró níwájú àwòrán ara ilẹ̀kùn. Ó gbé àwo sílẹ̀. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó sì tẹrí ba.

"Bàbá, ta ló kú? Ẹ ò sì sọ fún mi!"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

"Kò sẹ́ni tó kú kẹ̀? Ojú ẹnì kan ṣoṣo, àwọ̀ eérú, férémù dúdú. Kí lẹ wá pe eléyìí, káàdì ọdún tuntun?" Ó sún mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Yéè. Niwase ni."

Àwòrán tí a ń gbé kalẹ̀ níbi ìsìnkú ni mo yà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni bàbá mi ṣe ń wò mí láti ara ògiri lókè pẹpẹ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo òkú ìran wa ṣe ń wo ẹni tó bá wá fín tùràrí. Báwo ni ojú mi kò ṣe rí i? Mo ń wá ohun tó ń fa ojú, mo sì lọ bá èyí tó ti ń fa ojú mi láti kékeré.

Mo fi ọ̀rẹ́ mi tó wà láàyè ṣe òkú.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Mo pe Abẹ́rẹ́.

"Òkú kẹ̀? Ọ̀gá, férémù àwòrán òkú ìyá àgbà mi, aláwọ̀ àlùkò ni. Òdòdó kún ẹ̀yìn wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó lọ ṣeré etíkun. Kò sẹ́ni tó máa ronú bẹ́ẹ̀."

"Àwọn arúgbó á ronú bẹ́ẹ̀."

"Àwọn arúgbó kọ́ la fẹ́ tà á —" Ó gbé ìyókù mì. Ó bẹ̀ mí. Mo ní kò burú.

Ó ní tí a bá fà á padà, ṣọ́ọ̀bù á tún àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè pẹ́ gan-an. Tazuko ní Ológbò kì í jẹ ògì ìrẹsì rẹ̀ tán mọ́.

Tí mo bá fi í sílẹ̀, yóò rí àwòrán òkú ara rẹ̀. Tí mo bá fà á, ó lè má rí nǹkan kan rárá.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Mi ò tíì pinnu. Mo nu fèrèsé.

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Kẹsàn-án

Mo fi pupa sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ — láti ẹnu ọ̀nà, ó di ẹni tó mutí yó. Mo fi ààlà búlúù sí i — ó jọ páálí oògùn inú rírun. Mo yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ — mi ò rí i mọ́. Ohun tó mú un dára náà ló mú un burú, mi ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo pe Abẹ́rẹ́. Mo ní kó fà á padà. Àìrí dára ju kí ó rí ìyẹn.

"Ọ̀gá... ó ti wà níta láti àárọ̀. Àyẹ̀wò wọn yá lọ́tẹ̀ yìí. Mo rò pé inú yín á dùn ni."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Tazuko pè. Mo ní kí Sumie sọ pé mo wà nínú ilé ìwẹ̀. Sumie ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti wẹ̀ lónìí. Ara yín á bó." Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Tazuko tún pè. Mo gbé e lónìí. Mo rò pé Ológbò ti kú.

Tazuko ní òun gbé fóònù síwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó wò ó, kò sọ̀rọ̀. Tazuko náà ti rí ohun tó jọ, ó sì fẹ́ gbé e kúrò. Ológbò bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á, títí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé. Ó ní, "Ẹ sọ fún Ó-lè-bàjẹ́ pé ó ti gbé mi kọ́ sára ògiri kí n tó dé ibẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Tazuko ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná, wọ́n fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Ohùn rẹ̀ ti gbẹ bí ewé. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe rántí rẹ̀: "Má bẹ̀ mí. Ó dára. Láàárín gbogbo ariwo yẹn, ara mi ni mo kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kékeré nìyẹn, Orito. Mo sá fún kámẹ́rà ní gbogbo ayé mi, Tazuko kò ní fọ́tò tó lè gbé kalẹ̀ níbi ìsìnkú mi. Tó bá gbé ìyẹn kalẹ̀, àwọn èèyàn á ní ilé ẹlòmíì làwọn yà. Wá ya èyí tó kù nínú mi."

Mo bi í bóyá kí n lo àwọ̀ díẹ̀, kó má bàa le jù.

"Má fi àwọ̀ kankan kùn mí. Kí ààlà dúdú wà níbẹ̀. Kó sì tóbi. Níbẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó máa fi ìka rọ́ mi kọjá."

Mo ní mò ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí Ológbò lára, ọjọ́ kejì nìkan ló máa ń lè jókòó. Sumie wo kàlẹ́ńdà, ó ní rárá: ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ọjọ́ tí òkú máa ń fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ilé ìsun-òkú pàápàá kì í ṣí. Ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Bàbá.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ha wà bí? Mo ti gbẹ́ pẹ́ńsù. Mo ti ká bébà wé. Ẹ̀rù ń bà mí — ọkọ̀ ojú irin tí mo ní láti yí sí ní Ayabe, àtẹ̀gùn ibùdókọ̀, ojú tí mo ń lọ wò. Kí ó fà mí bó bá fẹ́ fà mí. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá, ni mò ń lọ bá Ológbò ní Maizuru.