Mo Fọwọ́ sí Ìwé Láì Bèèrè

Bàbá mi, Ọ̀gá Tíṣà tèmi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Torino, ní Ítálì níbí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ẹ ti lọ, ẹ sì mọ̀ pé n kò wá síbi ìsìnkú yín. Permesso mi, ìwé tí wọ́n fi ń gbé ìlú yìí, wà ní questura lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá nígbà náà, wọ́n ní kí n ṣì máa dúró. Mo wọ aṣọ dúdú, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi ọkàn sin yín. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìyẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí. Mo ṣe ohun kan tí ẹ̀yin kì bá ti ṣe.

Tọ́lá, ọmọ-ọmọ yín tí ẹ kò rí, ti pé ọdún mẹ́rin. Jẹ́lé-ó-sinmi ti ìjọba ìlú ló ń lọ, ní àdúgbò wa, Barriera di Milano. Ẹnu rẹ̀ mú. Bí mo bá fi Yorùbá pè é, Ítálì ló fi ń dá mi lóhùn. Òun àti Dámi, ọmọ Bùkọ́lá tó ń gbé òkè ilé wa, ni wọ́n jọ ń lọ. Bùkọ́lá kò ní ọkọ, kò ní ìyekan kankan nílùú yìí. Jẹ́lé-ó-sinmi yẹn ló ń jẹ́ kó lè lọ sí fákítọ̀rì.

Lọ́dún tó kọjá, ìjọba ìlú ní agbára àwọn nìkan kò gbé ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́. Wọ́n fẹ́ kí àwọn àti ẹgbẹ́ aládàáni kan, cooperativa ni wọ́n ń pè é, jọ máa ṣe é: ilé á jẹ́ ti ìjọba, tíṣà á jẹ́ ti ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ni á sì máa mú àwọn ọmọ tó máa wọlé lọ́dọọdún. Wọ́n ní kí àwọn òbí yan aṣojú. Àwa ọmọ Nàìjíríà, èmi ni wọ́n yàn, torí mo gbọ́ Ítálì, n kì í sì í pẹ́ dé ìpàdé. Orí mi wú, Bàbá. Mo ní ọmọ Ọ̀gá Tíṣà náà rèé.

Ṣé ẹ rántí ọdún tí ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ yín lọ́wọ́ ìjọ? Ẹ pe àwọn òbí jọ sí kíláàsì, ẹ ka lẹ́tà ìjọba fún wọn lédè Yorùbá, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, ẹ sì ń dúró kí wọ́n bi yín ní ìbéèrè. Ẹ ń jẹ orógbó bí ẹ ṣe ń kà. Baálẹ̀ sùn lọ. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí ẹ tó mú bírò. Inú ń bí mi nígbà náà, ebi ń pa mí.

Èmi kò ka nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Direttrice, ìyáàfin tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n bu kọfí fún mi. Irun wọn ti funfun. Àwọn ló bá mi wá àyè fún Tọ́lá nígbà tí n kò mọ ẹnì kankan. Wọ́n gbé ìwé síwájú mi. Lójú ewé kẹta, mo rí ọ̀rọ̀ náà, permesso. Ojú mi dúró síbẹ̀. Ìbéèrè dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Àgbà ni wọ́n, olóore mi sì ni wọ́n. Ṣé kí n wá máa wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn bíi lọ́ọ́yà? Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba bírò, mo dúpẹ́, mo fọwọ́ sí i lórúkọ gbogbo wa. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ọmọ kì í bá àgbà jiyàn. Èwo ni kí n mú lọ́jọ́ náà, Bàbá?

Lóṣù kẹsàn-án ọdún yìí, wọ́n lẹ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n mú mọ́ ilẹ̀kùn. Tọ́lá wà níbẹ̀, Dámi kò sí. Ohun tó wà lójú ewé kẹta ni pé ọmọ tí permesso òbí rẹ̀ bá ṣì wà ní questura kò ní wọlé. Ti Bùkọ́lá sì ti wà níbẹ̀ láti oṣù kẹfà. Tọ́lá ń fa aṣọ mi, ó ń bèèrè pé kí ló dé, perché, perché. Èmi tí irú ìwé kan náà kò jẹ́ kí n wá sin yín. Mo padà lọ bá direttrice. Wọ́n káàánú, wọ́n tún bu kọfí. Ọwọ́ wọn kò tó o mọ́, ẹgbẹ́ ló ń mú ọmọ.

Bùkọ́lá rò pé ìjọba ló ṣe é. Mo gba Dámi lọ́wọ́ rẹ̀, mò ń mú un lọ síbi iṣẹ́ mi, lọ́dọ̀ ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́, Bùkọ́lá á kúnlẹ̀ dúpẹ́, á ní Ọlọ́run á tọ́jú tèmi náà. Ọpẹ́ yẹn ń gún mi. Oṣù méjì ni mo fi ń gbà á.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan pé mo rí i kí n tó fọwọ́ sí i. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ń wọ bàtà fún Dámi, ó fi ti òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀, wọ́n bá lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ó kan ilẹ̀kùn mi. Ó fa Dámi àti àpò oúnjẹ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, kò wo ojú mi, ó sáré lọ bá bọ́ọ̀sì. Mo rò pé ó ti dárí jì mí. Inú mi dùn títí mo fi sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ilé. Ìgbà náà ló tó yé mi pé kò ní ẹlòmíràn tó lè fi ọmọ sí lọ́wọ́ ni.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tí kò rí ẹni bá a wí mọ́.