Ilé Bàbá Àyèká Nínú Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹwàá, 1999

Ìpàdé ẹgbẹ́ lónìí, ní Àyèká lẹ́bàá Okitipupa, nílé Bàbá Adéjọbí. Bàbá Àyèká ni mo ń pè wọ́n nínú ìwé yìí. Tíṣà àtijọ́. Àwọn ló ni yàrá tí a ń lò, àwọn náà ló ni Arúgbó — kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí gbogbo wa fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì. Íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. A dà bí ẹni tó ń kọ́ odò wíwẹ̀ lórí ẹní. Ká ṣáà máa kọ́ ọ lọ.

Àárín ìpàdé ni Bàbá wọlé, wọn ò jókòó. Wọ́n ní Oyèbádé, ọkùnrin tó ń bá èèyàn tẹ ìwé ní Ìrẹ̀lẹ̀, ti wá wo Arúgbó, ó fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n ní ó pẹ́ tí àwọn ti ń rí wa tí a ń wo dígí yẹn, àwọn ò rí nǹkan kan tó ti ibẹ̀ jáde. Susan, ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fi Arúgbó ránṣẹ́. Bí Susan bá fi ojú ara rẹ̀ rí ilé yìí nínú íńtánẹ́ẹ̀tì kí oṣù tó parí, Arúgbó di tẹgbẹ́. Bí kò bá rí i, kí Oyèbádé máa gbé e lọ.

"Mo ti wí tèmi, ọma mi." Bí Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ọmọ nìyẹn. Wọ́n jáde.

Philemon bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí Bàbá sọ fún àwa tí a gbọ́ ọ — Ọ̀gá Àlàyé, akọ̀wé káńsù, ẹni tó lè ṣàlàyé òjò fún ẹni tí òjò ń pa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

A ti pín iṣẹ́. Philemon á kọ nípa púpurú, oúnjẹ Ìkálẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ títí dé bí wọ́n ṣe ń yan án lórí iná. Èmi á kọ nípa àwọn ìlú Ìkálẹ̀. Lucy aránṣọ lá ya àwòrán. Kò tíì rí kọ̀ǹpútà rí kó tó dé ẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rí.

Orí bébà la ń kọ gbogbo rẹ̀ sí ná. Ìgbà tó bá wu NEPA ló ń mú iná wá. Bí iná bá wá, ẹni tí ó bá kàn á sáré tẹ tiẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Ìjà díẹ̀ pẹ̀lú Lucy. Ó ya ilé Bàbá, ó sì yà á dáadáa — páànù tó ti dípẹtà, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, igi àgbọn. Ó wá ya okùn aṣọ sí iwájú ilé, ó sá ìró aláró kan sórí rẹ̀! Mo ní kó ká aṣọ yẹn kúrò. Ta ló ń fi aṣọ sísá han gbogbo ayé? Lucy ní bí òun ṣe bá ilé nìyẹn.

Kò parọ́. Kò sí Àbámẹ́ta tí mo dé ibẹ̀ tí ìró yẹn kò sí lórí okùn, tí omi ń kán lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Bàbá nìkan ló ń gbé ilé látìgbà tí ìyàwó wọn ti kú. Mi ò bi wọ́n rí. Ìjẹ̀ṣà ni mí, iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé ibí. Àlejò kì í tojú bọ ọ̀rọ̀ onílé.

Lucy ní òun ti gbọ́. Ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tó gbọ́.

Ọjọ́rú, 13

Òfin ẹgbẹ́ ni pé gbogbo wa gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ wò kó tó kúrò nílé. A yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wò ó, Philemon wò ó, àwọn yòókù wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí a bá tẹ̀ ló ń ṣí. Mi ò wo àwòrán ilé dé ìdí, NEPA ti ń ṣẹ́jú. Ìbàdàn la ó gbé e lọ, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà. Mo fọ́nnu pé Ìbàdàn á rí wa.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Ìbàdàn lọ́la, èmi àti Lucy. Díísìkì tí a da iṣẹ́ wa sí wà nínú báàgì mi, mo fi gèlè wé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16. Ìbàdàn

Ojú tì mí lónìí. Kí n kọ ọ́ kí ó tó tutù.

A wọkọ̀ dé Ọ̀rẹ̀, a wọ òmíràn. Ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà kún fọ́fọ́ — àwọn ọmọ yunifásítì, táì lọ́rùn, òyìnbó lẹ́nu. Arábìnrin tó ṣètò rẹ̀, Jẹ́jẹ́lọlá, ló ni kọ̀ǹpútà tó ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ti gbà láti fi ojú ewé wa síbẹ̀, kó sì fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí Susan. Ó ní kí a kọ́kọ́ fi han gbogbo àwọn tó wá.

Mo dìde. Mo sọ̀rọ̀ — mo sọ̀rọ̀ gan-an ni. Jẹ́jẹ́lọlá ki díísìkì bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ jáde, àwòrán kò jáde. Àpótí òfìfo lọ bẹẹrẹ. A tẹ orúkọ Ìrẹ̀lẹ̀, kò ṣí. A tẹ ti ìlú Àjàgbà, ó kọ̀.

Jẹ́jẹ́lọlá wo ohun tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ibi tó yẹ kí a ti pe àwòrán tàbí ojú ewé mìíràn, àdírẹ́sì inú ikùn Arúgbó la kọ síbẹ̀. "Ẹ̀yin ará Okitipupa," ó ní, "ilé Bàbá yín ni kọ̀ǹpútà mi ń wá àwòrán lọ. Kò sì mọ Àyèká." Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ kò lanu gbé mi.

Gbogbo wa la yẹ̀ ẹ́ wò o! Lórí Arúgbó. Arúgbó kan náà, gbogbo wa. Bíi kí èèyàn máa bi ìyá tó bí i bóyá òun rẹwà.

Lucy ni kò jẹ́ kí n sunkún. Ó ní, "Tíṣà, aṣọ tó bá fún, ṣe la ń tú u." A jókòó sí igun, a ń tú u, àdírẹ́sì kan lẹ́yìn èkejì, nígbà tí àwọn tó kù ń jẹun. Nígbà tó yá, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Púpurú jáde. Ilé Bàbá jáde — pẹ̀lú ìró aláró lórí okùn, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Mo wo Lucy. Lucy wo òrùlé.

Kò sáàyè ìjà. Jẹ́jẹ́lọlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ránṣẹ́, àwòrán ilé ló kẹ́yìn. Ó ń lọ, ó ń lọ — ìlà tẹlifóònù já. Lẹ́yìn ìyẹn, kò wọlé mọ́. Jẹ́jẹ́lọlá ní bóyá ó ti dé ibẹ̀, bóyá kò dé. Òun á tún gbìyànjú bí ìlà bá padà.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Mo ti padà. Bàbá ní, "Ṣé ó rí i?" Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n mi orí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Kò sí ìròyìn.

Ọjọ́bọ̀, 21

Oyèbádé wá wọn Arúgbó, bóyá búùtù ọkọ̀ rẹ̀ á gbà á. Ó gbà á. Ó tún ń fọwọ́ gbá a lórí, bí ẹni ń ra ewúrẹ́. Philemon fẹ́ ṣàlàyé nǹkan kan fún un, mo fa aṣọ rẹ̀. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Níbo la máa lọ?

Ọjọ́ Àìkú, 24

Àìkú kẹrin oṣù ni Susan máa ń pe Bàbá lẹ́yìn ìsìn, ní ilé tẹlifóònù Àríyọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ tẹ̀ lé Bàbá lọ, a to ara wa síta bí ẹni ń dúró de èsì ìdánwò. Ohùn Bàbá là ń gbọ́. "Hẹn." Lẹ́yìn náà, "Hẹn-hẹn." Mo rí èjìká wọn tó ń gbọ̀n, mo ní ó ti parí nìyẹn.

Wọ́n jáde, wọ́n ń fi háńkáṣíífù nu ojú.

"Ó rí i," wọ́n ní. "Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé ilé ẹlòmíì ni. Ìgbà tó rí ìró ìyá rẹ̀ lórí okùn ló mọ̀."

Wọn ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí. Gbogbo Àbámẹ́ta ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń sá a, bí ìyàwó wọn ṣe ń ṣe nígbà ayé rẹ̀, kí ilé má bàa dà bí ilé tí kò sí obìnrin. Láti ọjọ́ ìsìnkú, Susan kò wálé. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò gbé òun. Ní báyìí, ó ní òun ń bọ̀ wá ṣe Kérésì.

Ọpẹ́ o. Ara mi balẹ̀ débi pé mo jókòó sórí ìgànná Àríyọ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe. Philemon ń ṣàlàyé bí àwòrán ṣe ń kọjá lórí òkun fún gbogbo ẹni tó ń lọ. Mo jẹ́ kó ṣàlàyé. Bàbá ní kí wọ́n sọ fún Oyèbádé kó wá kọ̀ǹpútà míì rà.

A sin wọ́n délé. Àwọsánmà ti ṣú. Ìró aláró náà wà lórí okùn láti àná, ó ti gbẹ. Èmi ni mo sáré lọ ká a.